Irin Ni, Wọ́n Ní

Ọkùnrin tó tà á fún mi ní Sábó
fi kókó ìka kan ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ó ní, "Karfe ne, Hajiya. Wallahi, karfe ne."
Irin ni. Mo gbà.
Ó ń dán bí abọ́ tí wọn kò tíì bu ọbẹ̀ sí,
ìdérí rẹ̀ ń padé wẹ́rẹ́, láìpariwo,
bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé.

Oṣù Èrèlé nìyẹn.
Ní báyìí ọyẹ́ ti wọ Sàmárù,
ètè gbogbo wa ti là,
kọ̀ǹpútà mi náà sì ti là:
ìlà tín-ín-rín kan láti igun òsì
bí odò tí wọ́n yà sórí máàpù,
ó ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ wà.
N kò jù ú sílẹ̀ rí, mo lè búra.
Ṣíṣí ni mò ń ṣí i, pípadé ni mò ń pa á dé,
bí gbogbo ẹni tó ni ilẹ̀kùn.
Tí mo bá ṣí i lóru báyìí, àgbékọ́ rẹ̀ a ké kẹ̀ẹ̀ẹ̀,
ajá aládùúgbò a dá a lóhùn.

Ibi tí ọrùn-ọwọ́ mi ń gbé sinmi,
fàdákà ti bó níbẹ̀, ike dúdú ti yọjú.
Irin ni, wọ́n ní.
Ẹ̀rín ló pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i:
èmi náà, lọ́jọ́ tí mo dé Zaria láti Ògbómọ̀ṣọ́,
mo pe ara mi ní akọ̀wé àgbà,
bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo ni mo ti fọwọ́ kàn rí.

Kò sí lẹ́tà lórí A mọ́, kò sí lórí N.
Àwọn ọmọ yunifásítì ló jẹ wọ́n tán:
ìwádìí lórí kòkòrò àgbàdo,
ìwádìí lórí omi kànga,
ojú ìwé ọgọ́rin, ojú ìwé igba,
gbogbo wọn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójú ewé kẹta.
Talatu ọmọ Zonkwa jókòó tì mí,
ó ní báwo ni mo ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà.
Mo ní, ṣé o máa ń tan iná
kí o tó rí ọ̀nà ẹnu rẹ?

Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó gbó jù lọ
kì í ṣe A, kì í ṣe N.
Èyí tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ ni.
Ó ti jìn sínú, ó ń dán bórí òkúta etí odò.
Mo wò ó títí.
Èmi tí mo rò pé ìwé ni mò ń kọ.

Lawan tó ń tún fóònù ṣe nítòsí géètì kejì
tú u palẹ̀ sórí pátákó,
ó fẹ́ eruku jáde, eruku pupa
tó tó gbin ẹ̀wà.
Nínú síkúrù mọ́kànlá, mẹ́sàn-án ló padà sílé.
Ó fi gúlù lẹ àgbékọ́,
ó ní kí n má ṣe ṣí i kọjá ibí yìí,
ó fi ọwọ́ júwe:
bí ilẹ̀kùn tí a ṣí fún àlejò òru.
Ó gba ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀.
Kò búra.

Agolo mílíìkì tó ṣófo ni mo gbé sẹ́yìn rẹ̀
kó lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì.
Bátìrì kì í kọjá ogún ìṣẹ́jú tí iná bá lọ,
àsìkò tó tó láti kó iṣẹ́ olóhun pamọ́,
kí n sì wá àbẹ́là.

Oyèlékan pè láti Kúbwà lánàá:
Màámi, ẹ jù ú nù, mo máa ra òmíràn fún yín,
irin gidi ni tọ̀tẹ̀ yìí.
Mo ní kó rà á. Ta ní ń kọ ẹbùn?
Tó bá dé, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀,
màá dá a dojú bolẹ̀ lórí itan mi,
màá fi èékánná ha ìdí rẹ̀ díẹ̀,
kí n tó kí i káàbọ̀.